Kòn! Kòn! Láti Ẹ̀yìn Ògiri

Wakaba ti ń rẹ́rìn-ín kó tó lajú.

"Òní ni!" ó pariwo. "Òní ni ọjọ́ ọsàn nínú omi!"

Òní ni ọjọ́ tó kúrú jù lọ nínú ọdún. Oòrùn á yọ, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Kò ní pẹ́ rárá, á tún ní, "Ó dàárọ̀ o."

Ní ọjọ́ yìí, ní ilé àlejò Ìyá Togashi lórí òkè, ọsàn yuzu máa ń léfòó nínú omi ìwẹ̀.

Ọsàn yuzu kéré. Ó rí roboto. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí òṣùpá. Ó kan débi pé ẹnikẹ́ni kì í bó o jẹ.

Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀... áà! Òórùn rẹ̀ dùn ju lọ́fínńdà lọ.

Ẹni tó bá wẹ omi ọsàn lónìí, ọ̀fìnkìn kò ní rí i mú títí òdòdó á fi tún yọ lórí igi.

Òní nìkan ṣoṣo. Tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, wọ́n á ti kó gbogbo ọsàn kúrò.

Ọ̀fìnkìn sì fẹ́ràn Wakaba bí ọkọ tuntun ṣe ń fẹ́ràn ìyàwó. Kì í fi í sílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi yìnyín mọ ènìyàn ńlá kan. Wọ́n fi kárọ́ọ̀tì ṣe imú fún un. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń yọ̀.

Wakaba ńkọ́? Wakaba wà lẹ́yìn fèrèsé. Hàà-tíṣọ́!

"Lọ́dún yìí," Màmá ṣèlérí, "èmi àti ìwọ la jọ máa wẹ omi ọsàn."

Màmá ń ṣiṣẹ́ ní ìlú etí òkun. Ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán ló máa gbé e wá bá wọn.

Nítorí náà, Wakaba àti Bàbá ló kọ́kọ́ dé.

Ilé àlejò náà jókòó sórí òkè bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Yìnyín ló fi ṣe ìborí funfun. Ooru omi ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, fììì, fììì, bí ẹni tó sùn tó ń mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ó rẹwà o," Wakaba wí.

"Ó rẹwà ju ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i lọ," Bàbá dáhùn. "Kì í darúgbó."

Ìyá Togashi, ìyá tó ni ilé àlejò náà, kúnlẹ̀ lórí ẹní. Ó tẹrí ba.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn. Ẹ kú òtútù. Àbí Wakaba nìyí? Ó mà ti ga o!"

"Mo ti pé ọmọ ọdún méje, mà," Wakaba wí.

"Ọdún méje! Ìyàwó ilé ti dé nìyẹn."

"Mi ò tíì ń wá ọkọ, mà," Wakaba dáhùn.

Ìyá Togashi rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà Bàbá, gbàgùdù. Bàtà Wakaba, kíńkíní.

Wakaba fi àyè sílẹ̀ láàárín méjèèjì.

"Ibí yìí ni ti Màmá," ó wí. "Kí ẹnikẹ́ni má gbé bàtà síbẹ̀ o!"

Nínú yàrá, Bàbá fi aṣọ ilé àlejò wọ̀ ọ́. Aṣọ náà fẹ́lẹ́. Ó ní ewé aláró lára.

"Apá òsì lókè," Bàbá ń wí bó ṣe ń ṣe é. "Apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ìgbànú yí po. Ó parí."

Wọ́n mu tíì. Wọ́n jẹ àkàrà òyìnbó kéékèèké tó ní ẹ̀wà dídùn nínú. Wọ́n dúró de Màmá.

Níta, yìnyín ń rọ̀. Fẹ́ẹ́rẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́.

Wọ́n dúró, wọ́n dúró.

Yìnyín ń rọ̀ sí i. Fẹ́ẹ́rẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́, fẹ́ẹ́rẹ́.

Ìyá Togashi fa ilẹ̀kùn, ṣọ̀ọ̀. Ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìyá Wakaba pè wá lórí fóònù. Yìnyín ti bo ojú irin. Ọkọ̀ wọn ò lè kúrò lójú kan."

"Ṣé Màmá máa dé kí ilẹ̀ tó mọ́?" Wakaba béèrè.

"A ò tíì mọ̀, ọmọ mi," Ìyá Togashi wí. "Wọ́n ṣì ń kó yìnyín."

Wakaba wo ojú fèrèsé. Oòrùn ti ń ní, "Ó dàárọ̀ o."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín wẹ̀ nígbà náà."

Bàbá fi ọwọ́ pa á lórí. "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Méje."

"Níbo ni ọmọbìnrin ọdún méje ti ń wẹ̀?"

Wakaba mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọmọ mọ̀ ọ́n. Aṣọ ìkélé méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Lẹ́yìn aṣọ aláró, ọkùnrin. Lẹ́yìn aṣọ pupa, obìnrin.

"Aṣọ pupa," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin náà ẹ wá bá mi gba abẹ́ ti pupa."

"Èmi kẹ̀! Ṣé o fẹ́ kí àwọn ìyá fi kòròbá là mí lórí ni?"

Wakaba rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Omi ọsàn wà lẹ́yìn aṣọ pupa. Màmá kò sì sí níbẹ̀.

"Ó dáa," ó wí. "Màá dá wọlé."

Ó rìn dé iwájú aṣọ pupa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ó gba abẹ́ aṣọ náà kọjá.

Ó ṣí ilẹ̀kùn inú, ṣọ̀ọ̀.

Funfun! Ibi gbogbo funfun! Ooru omi bo òkè, ó bo ilẹ̀, ó bo ìkangun méjèèjì.

Nínú funfun yẹn, nǹkan kan ń dún.

Gbulu. Gbulu. Gbulu.

"Yéè!"

Pàtà-pàtà, pàtà-pàtà, pàtà-pàtà! Wakaba sá jáde.

Bàbá ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì níta.

"Kí ló dé? Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan!"

"O ò rí nǹkan kan, o wá ń sáré?"

"Nǹkan tí mi ò rí yẹn ló ń dún, Bàbá! Gbulu, gbulu!"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó fà á mọ́ra.

"Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, ilé yìí la kọ́kọ́ wá. Òun gba abẹ́ aṣọ pupa. Èmi gba abẹ́ aṣọ aláró. Kíá, àárò rẹ̀ ti ń sọ mí."

"Ògiri kan péré ló wà láàárín yín!"

"Ìfẹ́ ni, ọmọ mi. Ìfẹ́ a máa sọ ògiri kan di òkun méje."

"Bàbá, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o."

"Gbọ́ ná! Ògiri yẹn kò kan òrùlé. Òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo jókòó sínú omi báyìí, mo kàn gbọ́: kòn! Ìyá rẹ ló fi kòròbá igi kan ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Àyà tèmi náà ṣe kòn!"

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo gbé kòròbá tèmi. Mo dá a lóhùn."

Wakaba ronú. Ó gbé ìka kan sókè.

"Tí mo bá kan kòròbá lẹ́ẹ̀kan, kòn, ìyẹn ni pé, 'Ṣé ẹ wà níbẹ̀?'"

"Ó dáa," Bàbá wí.

"Tí ẹ bá ṣe kòn-kòn, ìyẹn ni pé, 'Mo wà níbí.'"

"Mo gbọ́."

"Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jáde, á ṣe kòn-kòn-kòn. Ẹ má gbàgbé o!"

"Ọ̀gá mi, mi ò ní gbàgbé."

Bàbá gba abẹ́ aṣọ aláró. Wakaba gba abẹ́ aṣọ pupa.

Ó bọ́ aṣọ. Ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀. Ó mú táwẹ̀lì kékeré dání.

Ó ṣí ilẹ̀kùn inú, ṣọ̀ọ̀.

Funfun. Gbulu. Gbulu. Gbulu.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré. Ọwọ́ rẹ̀ yára gbé kòròbá.

Kòn!

Ó tẹ́tí. Ooru omi ń lọ sókè, fììì.

Láti ẹ̀yìn ògiri: kòn-kòn!

"Bàbá ni!" Wakaba wí.

Ó jókòó lórí àpótí kékeré. Ó bu omi, ó dà á sára, ṣàà! Ó fi ọṣẹ ra ara, wìrìwìrì. Ó fọ ọrùn. Ó fọ ẹ̀yìn etí. Ó tún da omi, ṣàà! Ara tó mọ́ nìkan ló ń wọ omi ọsàn.

Ó rìn wọnú funfun náà. Ìgbésẹ̀ kan. Ó dúró.

Kòn!

Kòn-kòn!

Ìgbésẹ̀ mìíràn. Ó dúró.

Kòn!

Kòn-kòn!

Gbulu, gbulu ti sún mọ́ tòsí. Wakaba na ọrùn.

Ọ̀pọ̀lọ́ ni! Ọ̀pọ̀lọ́ òkúta ńlá kan! Ó la ẹnu, omi gbígbóná ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbulu, gbulu, gbulu.

"Ìwọ ni o ń dẹ́rù bà mí?" Wakaba wí. "Ojú ẹ rèé."

Nígbà náà ló rí wọn.

Ọsàn! Ọsàn lọ́tùn-ún, ọsàn lósì. Ọsàn ń jó lójú omi. Ọsàn ń fara kan ọsàn, tọ̀, tọ̀, tọ̀. Ó dà bíi pé òṣùpá bímọ, tó ń wẹ gbogbo ọmọ rẹ̀ nínú adágún kan.

Wakaba la ẹnu bíi ti ọ̀pọ̀lọ́.

Ó fi ìka ẹsẹ̀ kan omi. "Ó gbóná o!"

Ó wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Orúnkún. Ìbàdí. Èjìká. Háàà...

Ooru náà dì mọ́ ọn bí ìgbà tí Màmá bá dì mọ́ ọn.

Ó ká táwẹ̀lì, ó gbé e lé orí. Ó na ọwọ́, ó fi kòròbá kan etí adágún.

Kòn!

"Ta ló ń kan igi láti ìgbà yìí bí ẹyẹ akókó?" ohùn kan wí.

Wakaba fò sókè. Omi ta, páṣọ́!

Láàárín ọsàn, ọsàn ńlá kan ń sún bọ̀. Kì í ṣe ọsàn. Orí ni! Orí ìyá àgbà kan ni, ó di táwẹ̀lì pupa rúsúrúsú mọ́ ọn.

"Má bẹ̀rù," ìyá àgbà wí. "Ìyá Sono ni mí. Ìsàlẹ̀ òkè níhìn-ín ni mò ń gbé. Mo ti ń wẹ omi ọsàn níbí kí a tó bí ìyá ẹ."

"Ẹ kú ìwẹ̀, mà. Mo rò pé ọsàn ni yín."

"Ọsàn kẹ̀! Ara mi ti hunjọ ju ọsàn lọ."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọsàn ń mì lójú omi.

"Ta lò ń kan kòròbá sí?"

"Bàbá mi ni, mà. Ó wà lọ́hùn-ún. Màmá mi wà nínú yìnyín. Mo ń kan kòn, Bàbá á dáhùn kòn-kòn."

Ìyá Sono wo òkè ògiri. Ó wò ó pẹ́.

"Ọkọ tèmi náà máa ń kàn án," ó wí. "Ó máa ń kàn án gidi gan-an! Gbogbo ilé á mọ̀ pé ọkọ Sono fẹ́ jáde. Ojú a máa tì mí."

"Ṣé ó ń wẹ̀ lọ́hùn-ún nísinsìnyí?"

"Rárá, ọmọ mi. Ó ti kú. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ibí, etí mi ṣì máa ń dúró dè é."

Wakaba sún mọ́ ọn. Ó ti ọsàn kan sọ́dọ̀ Ìyá Sono, pẹ̀lẹ́.

Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí òkè ògiri. "Bàbá! Bàbá o!"

"Kí ló dé?" ohùn Bàbá fò wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn án lẹ́ẹ̀kan fún Ìyá Sono! Ẹ kàn án kíkankíkan!"

Bàbá kò béèrè ìdí. Ó gbé kòròbá.

KÒN!

Ìyá Sono náà na ọwọ́. Ó gbé kòròbá tirẹ̀.

Kòn-kòn.

Ó bu omi bọ́jú. Ó tún bu omi bọ́jú. Ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ omi yẹn.

"Ojú ti tún tì mí o," ó wí.

Wọ́n wẹ̀, wọ́n wẹ̀. Wakaba ka ọsàn. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ọsàn, fùù. Ó gbóòórùn ọsàn. Ara rẹ̀ gbóná dé eegun.

Ó fẹ́ sọ ọ́ fún Bàbá. Ó gbé kòròbá.

Kòn!

Kò sí ìdáhùn.

Bóyá Bàbá ń fọ irun.

Kòn!

Kò sí ìdáhùn.

"Bàbá?"

Gbulu, gbulu, gbulu. Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù ọ̀hún tún yọjú. Ó gun ẹ̀yìn Wakaba bọ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.

"Bàbá ò ṣe kòn-kòn-kòn," Wakaba wí. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó fẹ́ sunkún. "Bàbá ò ní jáde láìkàn án. Kò ní jáde!"

"Ta ló mú ọ wọ ibí?" Ìyá Sono béèrè.

"Èmi fúnra mi ni."

"Ta ló fọ ẹ̀yìn etí ẹ?"

"Èmi ni."

"Ta ló bá ọ̀pọ̀lọ́ wí?"

Wakaba fa imú. "Èmi ni."

"Ẹni tó mọ ọ̀nà wọlé mọ ọ̀nà jáde. Lọ wo bàbá ẹ. Èmi náà ń bọ̀. Mo ti jinná bí elégédé."

Wakaba gbé kòròbá. Ẹnikẹ́ni kò ní dáhùn, ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn.

Kòn-kòn-kòn! Mo ń jáde o!

Ó jáde nínú omi. Ó nu ara. Ó wọ aṣọ fúnra rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Apá kan nísàlẹ̀. Apá kan lókè. Ìgbànú yí po.

"Ó parí!"

"Ó tì o!" Ìyá Sono fi ọwọ́ lé orí. "Ọ̀tún ló wà lókè! Yí i padà, yí i padà! Òkú là ń wọ aṣọ fún báyẹn!"

"Yéè!" Wakaba yára tú ìgbànú. "Mi ò tíì kú, mà!"

"Mo rí i. Òkú kì í pariwo báyìí."

Apá òsì lókè. Apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ìgbànú yí po.

Wakaba gba abẹ́ aṣọ pupa jáde. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì.

Pàtà-pàtà, pàtà-pàtà! Ẹnì kan ń sáré bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ńlá. Omi ń kán nínú irun rẹ̀. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀.

"Bàbá!"

"Wakaba! Má bínú sí mi! Ìyá Togashi ló wá pè mí láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní fóònù! Ó ní ọkọ̀ ojú irin ti gbéra! Ìyá rẹ ti dé ibùdókọ̀! Ọkàn mi fò, mo fò tẹ̀ lé e, mo gbàgbé kòròbá."

"Màmá ti dé?"

"Ọkọ̀ ilé àlejò ti lọ gbé e. Ó ń bọ̀ báyìí!"

Wakaba fò sókè. Ó fẹ́ dì mọ́ Bàbá. Ó wá rí àyà Bàbá. Ó dúró.

Apá ọ̀tún ló wà lókè.

"Bàbá! Ẹ wọṣọ bí òkú!"

Bàbá wo ara rẹ̀. "Yéè!"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí Màmá dé, kó bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà ni? Ẹ yí i padà, ẹ yí i padà!"

Bàbá tú ìgbànú, ó kọjú sí ògiri, ó yí i padà. Lẹ́yìn wọn, Ìyá Sono rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Bí ti bàbá, bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọ," ó wí.

Pín-ín, pín-ín! Ọkọ̀ dún níta.

Ilẹ̀kùn ńlá ṣí. Òtútù wọlé, yìnyín wọlé, Màmá sì wọlé.

Yìnyín wà nínú irun rẹ̀. Yìnyín wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Imú rẹ̀ pọ́n bí ata.

Bàbá wo Màmá. Màmá wo Bàbá. Ó dà bíi pé àwọn méjèèjì nìkan ló kù láyé.

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o!" Wakaba wí.

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbá a mọ́ra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tutù bí ẹja.

"Ọmọ mi, dárí jì mí. Mo ṣèlérí pé a jọ máa wọlé. Ó ti wá ṣú."

"Mo ti wọlé, Màmá. Èmi fúnra mi. Ọsàn ṣì wà níbẹ̀! Ẹ bọ́ bàtà, kíá!"

Màmá bọ́ bàtà. Ó fẹ́ gbé e sí ìkangun.

"Rárá, Màmá. Àyè yín wà láàárín."

Ìyá Sono ń lọ sílé. Ó wọ bàtà ẹ̀gbọ̀n òwú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wakaba. "Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹyẹ akókó mi. Màá máa tẹ́tí."

"Màá kàn án fún yín, mà. Kíkankíkan!"

Wakaba di ọwọ́ Màmá mú. Wọ́n gba abẹ́ aṣọ pupa.

Ó ṣí ilẹ̀kùn inú, ṣọ̀ọ̀. Funfun. Gbulu, gbulu, gbulu.

"Ọ̀pọ̀lọ́ lásán ni, Màmá. Ẹ má dá a lóhùn."

Wọ́n da omi sára, ṣàà! Wọ́n fọ ọrùn. Wọ́n fọ ẹ̀yìn etí. Wọ́n wọ inú adágún. Orúnkún. Ìbàdí. Èjìká.

"Háàà," Màmá wí.

"Háàà," Wakaba wí.

Ọsàn yí wọn ká. Yìnyín ń bọ́ sójú fèrèsé, ooru ń lọ sókè, òórùn dídùn gba gbogbo ibẹ̀. Màmá fi orí ti orí Wakaba.

"Mo jókòó nínú ọkọ̀ yẹn," Màmá wí, "mò ń ronú pé, 'Ọmọ mi ń sunkún níwájú aṣọ pupa.'"

"Mo sá jáde lẹ́ẹ̀kan," Wakaba jẹ́wọ́. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Lẹ́yìn náà?"

"Mo tún wọlé."

Màmá gbé kòròbá igi. Ó wo Wakaba. Ó ṣẹ́jú sí i.

Kòn!

Wọ́n tẹ́tí.

Láti ẹ̀yìn ògiri: kòn-kòn!

Màmá rẹ́rìn-ín bí ọmọbìnrin kékeré. Ojú rẹ̀ pọ́n, kì í ṣe ooru nìkan ló fà á.

Wọ́n tún tẹ́tí. Láti ẹ̀yìn ògiri, ohùn mìíràn dún.

Hàà-tíṣọ́!

"Bàbá!" Wakaba pariwo. "Ṣé ẹ ò tíì wọ inú omi ni?"

"Mò ń dúró kí n lè gbọ́ kòn yín dáadáa!"

"Ẹ wọ inú omi ọsàn, Bàbá! Kí òkú tòótọ́ má lọ bẹ̀ yín wò!"

Páṣọ́! Bàbá wọ inú omi. "Háàà," ó wí lọ́hùn-ún.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jẹ ẹja sísun àti elégédé dídùn. Wọ́n sì sùn lórí ibùsùn mẹ́ta tó fara kan ara wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ta ló wà níta tó ń fi yìnyín mọ ènìyàn ńlá? Wakaba ni! Kò sín. Kò wúkọ́. Ìyá Togashi ti kó ọsàn jáde nínú omi, ó sì fún un ní ẹyọ kan. Ọsàn yẹn ni imú ènìyàn yìnyín náà.

Lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Togashi ti yí gbogbo bàtà kọjú síta.

Bàtà Bàbá, gbàgùdù. Bàtà Wakaba, kíńkíní.

Bàtà Màmá sì wà láàárín.